Yánrin òyìnbó: bí a ṣe ń gbin lẹ́túùsì sí ẹ̀yìnkùlé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí a sì ń ká a

Ìyá àgbà kan ní agboolé tó kángun sí tiwa ló la ojú mi sí lẹ́túùsì, ìyẹn ewé sàláàdì, bẹ́ẹ̀ sì ni kò gbin ẹyọ kan rí. Ó yà kí wa láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ó bá mi níbi tí mo ti ń bomi rin ebè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó já ewé kan, ó gbé ojú ibi tó ti já a súnmọ́ ojú. Omi funfun bíi wàrà ń sun jáde níbẹ̀. Ó fi kan ahọ́n, ó mi orí. “Ọmọ mi, yánrin lo gbìn yìí o. Yánrin òyìnbó ni.”

Ìyá kò ṣì í sọ. Ẹbí kan náà ni yánrin àti lẹ́túùsì. Àwọn méjèèjì ló ní oje funfun, àwọn méjèèjì ló ń yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó ń di òwú tí atẹ́gùn ń gbé kiri, àwọn méjèèjì ló sì ń korò bí wọ́n bá gbó. Lactuca tí wọ́n ń pè é ní èdè Látìnì pàápàá, ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí wàrà ló ti wá. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé yánrin mọ oòrùn wa lójú. Á hù sẹ́bàá ọ̀nà láìsí ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Ti òyìnbó kò lè fara da ooru. Ohun gbogbo tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí, orí ọ̀rọ̀ ooru yẹn ló dúró lé.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Jos nìkan ló lè gbin ewé sàláàdì, pé ilẹ̀ tiwa kò gbà á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Orí òkè ni Jos wà, ó fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mítà ga ju ojú òkun lọ, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi tutù. Ògbómọ̀ṣọ́ kò ga tó ìdajì ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwa náà ní ọyẹ́, a ní ìbòòji, a sì ní omi kànga. Ẹni tó bá mọ bó ṣe máa lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ ewé tó ń dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu, yàtọ̀ sí èyí tó ti rìnrìn àjò nínú ọkọ̀ fún wákàtí púpọ̀ kó tó dé Sábó, tí wọ́n ń wọ́n omi sí lórí kó má baà rọ.

Ẹ wo oṣù kí ẹ tó ra irúgbìn

Irúgbìn lẹ́túùsì fẹ́ ilẹ̀ tó tutù, láàrin ìwọ̀n 15 sí 20 ti Celsius. Bí ooru ilẹ̀ bá ti ń kọjá 27 sí 30, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á kàn sùn sínú ilẹ̀. Kò kú, kò sì hù.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dán an wò, oṣù kejì ni mo gbìn ín, nígbà tí ilẹ̀ ń gbóná bí ìdí ààrò. Mo bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, n kò rí ohunkóhun. Mo tọ ẹni tó tà á fún mi lọ, mo sì bá a wí pé irúgbìn tó ti bàjẹ́ ló tà. Ìyókù inú páálí náà, mo sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fíríìjì, mo gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí oṣù kọkànlá dé, mo ṣàdédé rí i, mo ní kí n dán an wò kí n tó dà á nù. Ọjọ́ kẹrin ló yọrí. Irúgbìn kan náà, láti inú páálí kan náà. Mo padà lọ bẹ ẹni tí mo bá wí yẹn.

Ìṣirò tí mo ń tẹ̀lé báyìí nìyí. Ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, ni mo ń da irúgbìn sílẹ̀. Ìparí oṣù kọkànlá ni mo ń ṣí i lọ sórí ebè. Nígbà tí ọyẹ́ bá fi máa fẹ́ wọlé dáadáa ní oṣù kejìlá, gbòǹgbò rẹ̀ ti mú ilẹ̀. Kérésìmesì á bá wa lẹ́nu kíká rẹ̀, a ó sì máa ká a títí di ìparí oṣù kìíní, nígbà mìíràn kó wọ oṣù kejì díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ máa da díẹ̀ sílẹ̀, ẹ má da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọgbọ̀n igi má baà pọ́n lóòjọ́ kan náà kí ẹ wá máa wá ẹni tí ẹ ó fún. Igi méjìlá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tó ìdílé ẹni márùn-ún.

Àkókò òjò ńkọ́? Ó ṣe é ṣe láàrin oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, nítorí ìkùukùu máa ń bo oòrùn, ara ilẹ̀ sì máa ń tutù. Àmọ́ òjò líle á na ewé rẹ̀ ya, ẹrẹ̀ á ta sí i lára, ìdí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò nígbà yẹn, inú àpò tàbí rọ́bà lábẹ́ orùlé ni kó gbìn ín sí. Láti oṣù kejì títí di oṣù kẹrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbin ewédú.

Irú èyí tó yẹ wá

Oríṣi lẹ́túùsì pọ̀. Èyí tó ń dì bíi kábéèjì, tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun ni ojúlówó, ni mo ń rọ̀ yín pé kí ẹ yẹra fún. Ó máa ń pẹ́ tó ọjọ́ 70 sí 85, gbogbo ọjọ́ yẹn ló sì fẹ́ òtútù. Ọyẹ́ wa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ewé rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí kì í dì, ló bá wa mu. Ọjọ́ 45 sí 60 ló ń gbà láti ọjọ́ tí a gbìn ín, ẹ sì lè máa já ewé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó di ìgbà náà. Oríṣi Romaine tí ewé rẹ̀ gùn, tó dúró ṣánṣán, àti oríṣi Batavia tí etí ewé rẹ̀ hunjọ díẹ̀, máa ń gbìyànjú nínú ooru ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ yẹ ọjọ́ tó wà lára páálí wò. Irúgbìn yìí kì í pẹ́ kó tó ṣá nínú ooru àti ọ̀rinrin. Èyí tí wọ́n tẹ́ sínú oòrùn ní ẹnu ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́fà kò dá mi lójú. Ẹ má sì ra púpọ̀. Gíráàmù kan ṣoṣo tó nǹkan bí 800 sí 1,000 ẹyọ.

Jíjí irúgbìn

Bí ẹ bá da irúgbìn náà sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó rí i pé ó tín-ín-rín, ó gùn ṣóńṣó, ó kéré ju irúgbìn ata lọ fíìfíì. Àwọn kan funfun bí eérú, àwọn kan dúdú. Ohun tó kéré tó báyìí kò ní agbára láti ti erùpẹ̀ tó nípọn sókè. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: ọ̀pọ̀ oríṣi rẹ̀ ló nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó lè hù. Ẹni tó bá wa ihò fún un bí ẹni ń gbin àgbàdo ti sin ín láàyè.

Kí n tó dà á sílẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ jí i. Mo rẹ ẹ̀já aṣọ funfun kan sínú omi tútù, mo fún un títí kò fi kán mọ́, mo fọ́n irúgbìn sí i lórí, mo ká a, mo fi sínú ọ̀rá, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Kì í ṣe ibi tó ń di yìnyín o. Bí iná kò bá sí, ìkòkò àmù ìyá àgbà ni fíríìjì wa. Ẹ gbé ọ̀rá náà tì í ní ìdí, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ti ń sun lára ìkòkò tí ilẹ̀ sì tutù, ní igun yàrá tí oòrùn kì í dé. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí ẹnu funfun kékeré kan tó ń yọ lára àwọn kan. Ẹ má jẹ́ kó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó gbìn ín, torí yóò ṣẹ́.

Ọmọ irúgbìn

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni mo ń lò. Mo gé ẹnu rẹ̀, mo lu ihò mẹ́ta sí ìdí rẹ̀, mo kó erùpẹ̀ tí mo ti sẹ́ sínú rẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kó kún. Erùpẹ̀ náà jẹ́ ìdá méjì ilẹ̀ dúdú, ìdá kan ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà dáadáa, àti ìdá kan yanrìn odò. Mo bomi rin ín kí n tó fi irúgbìn sí i. Lẹ́yìn náà ni mo fi irúgbìn méjì tàbí mẹ́ta lé ojú erùpẹ̀, mo fi ìka tẹ̀ wọ́n pẹ́pẹ́, mo sì fọ́n erùpẹ̀ sí wọn lórí fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Kò gbọdọ̀ nípọn ju èékánná lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣe é, kí irúgbìn lè rí odidi òru kan fi mu omi kí oòrùn tó yọ. Ibi tí mo ń kó wọn sí ní ìmọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán kì í dé ibẹ̀. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta sí méje, wọ́n á yọ. Ewé méjì àkọ́kọ́ kò jọ lẹ́túùsì rárá; ó rí róbótó, ó dà bí etí eku. Ìkẹta ló máa ń fi ẹni tó jẹ́ hàn.

Èèrà ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Wọ́n á kó irúgbìn lọ lóru tí ẹ ó fi rò pé kò hù ni. Mo máa ń gbé pákó tí mo to ọ̀rá lé lórí ka òkúta mẹ́rin, mo sì fi eérú yí ìdí òkúta náà ká. Ọ̀tá kejì ni omi àpọ̀jù. Bí ẹ bá rí ọmọ irúgbìn tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, tó dúdú níbi tó ti kan ilẹ̀, tó sì ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, omi ti pọ̀ jù, atẹ́gùn kò sì dé ibẹ̀. Kò sí oògùn fún èyí tó ti ṣubú. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ jẹ́ kí ojú erùpẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tún bomi rin ín. Bí wọ́n bá ti ní ewé gidi méjì, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé àwọn tó kéré, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹ́kù sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fà wọ́n tu, gbòǹgbò wọn ti dì mọ́ ara wọn.

Ibi tí ebè máa wà

Ọ̀rọ̀ yìí ló jọ mí lójú jù, nítorí orí rẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹni méjì lè gbin irúgbìn kan náà lọ́jọ́ kan náà kí ti ẹnì kan dára kí ti ẹnì kejì korò.

Lẹ́túùsì fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ṣùgbọ́n oòrùn àárọ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ ilé tó kọjú sí ìlà oòrùn ló dára jù: oòrùn á mú un láti ìgbà tó bá yọ títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà ilé fúnra rẹ̀ á ṣíji bò ó. Bí ẹ kò bá ní àyè níbẹ̀, ẹ wo ìhà àríwá ilé. Ní oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, oòrùn kì í kọjá gan-an lókè orí wa. Ìhà gúúsù ló ń gbà. Ògiri tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ máa ń jù òjìji tó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí márùn-ún sí ìhà àríwá ní ọ̀sán gangan. Ẹ kàn dúró síbẹ̀ ní aago méjìlá lọ́jọ́ kan kí ẹ fi igi fa ìlà sí ibi tí òjìji parí sí. Ebè tó bá wà lẹ́yìn ìlà yẹn gan-an ló ń rí ìmọ́lẹ̀ tó tó. Ìdí igi ìbẹ́pẹ náà dára, torí ìbòòji rẹ̀ kì í ṣú jù. Ìdí máńgòrò kò dára: ìbòòji rẹ̀ ṣú, gbòǹgbò rẹ̀ á sì máa jà sí omi.

Níbi tí kò bá sí ìbòòji rárá, ẹ ri igi mẹ́rin, ẹ na igi tẹ́ẹ́rẹ́ lé wọn lórí, ẹ tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ sí i. Kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kí atẹ́gùn lè máa kọjá, kí ẹ sì lè ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wo ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, oòrùn gbọ́dọ̀ máa tò tótòtó níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dúdú pátápátá, ẹ yọ imọ̀ díẹ̀.

Kí ebè má fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ wa níbí, yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀, omi kì í sì í dúró sí i. Nítorí náà ebè tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ nílò korobá mẹ́rin sí márùn-ún ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ adìyẹ, ìdajì ìyẹn tó, torí ó lágbára. Ẹ pò ó mọ́ erùpẹ̀ dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sísàlẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ kì í sábà lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbẹ́ tútù kò gbọ́dọ̀ dé ìdí ohun tí a ó jẹ ní tútù. Á jó gbòǹgbò, èyí kéré. Èyí tó burú ni àrùn inú rẹ̀, nítorí a kì í se lẹ́túùsì kí iná pa kòkòrò àìfojúrí tó wà lára rẹ̀. Ó kéré tán, kí oṣù mẹ́rin wà láàrin ọjọ́ tí ìgbẹ́ tútù kan ilẹ̀ àti ọjọ́ tí a ká ewé. Ìgbẹ́ tó bá ti jẹrà tán, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan: kò gbóná, kò rùn, ó ń fọ́ sọ́wọ́ bí ilẹ̀ inú igbó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé yàrá kan lágbègbè yunifásítì LAUTECH tí ẹ kò ní ilẹ̀, àpò ìrẹsì tí ẹ ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ tàbí rọ́bà ọ̀dà tí a ti fọ̀ mọ́ tó, bí ó bá ti jìn tó ìnṣì mẹ́jọ, tí ihò sì wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé omi máa ń tètè gbẹ nínú rẹ̀.

Ṣíṣí i gbìn

Bí ó bá ti ní ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti tó ṣí. Ìrọ̀lẹ́ ni, lẹ́yìn tí a ti rin ebè gbingbin. Ẹ ya ọ̀rá, ẹ má gbọn erùpẹ̀ ara gbòǹgbò dànù. Àlàfo tó wà láàrin igi kan sí èkejì ni gígùn ọwọ́ tí a nà láti orí àtàǹpàkò dé orí ìka kékeré, pẹ̀lú ìka mẹ́ta lé e. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìnṣì mẹ́wàá. Ibi tí ewé ti pàdé igi, tí àwọn ewé tuntun ti ń yọ, kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀. Bí erùpẹ̀ bá bò ó, yóò jẹrà. Ọjọ́ kejì, ewé á rọ, á dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó lọ́sàn-án fún ọjọ́ mẹ́ta, á gbérí.

Omi àti ìbòlẹ̀

Omi ló pọ̀ jù nínú ewé yìí, nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ilẹ̀ bá gbẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọyẹ́, ewé á le, á korò, etí àwọn ewé inú á sì jó bí ẹni pé iná kàn án. Jíjó yẹn kì í ṣe àrùn. Nígbà tí omi bá ń dé lónìí tí kò dé lọ́la, èròjà kálísíọ́ọ̀mù kì í lè rìn dé etí ewé tuntun. Ẹ jẹ́ kí omi máa dé déédéé, kò ní ṣẹlẹ̀.

Àárọ̀ kùtù ni mo ń bomi rin, ìdí igi ni mo sì ń dà á sí. Nínú ọyẹ́ gidi, mo tún ń fún un díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ti ìka yín bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ìsàlẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀. Agolo mílíìkì ńlá tí mo fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ ni mo fi ń wọ́n ọn, torí omi tó bá dà wìì á gbẹ́ gbòǹgbò jáde. Omi kànga tó mọ́ tàbí omi ẹ̀rọ ni kí ẹ lò. Omi gọ́tà àti omi tí a fi wẹ̀, rárá.

Lẹ́yìn tí ọmọ irúgbìn bá ti mú ilẹ̀, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí èèpo ìrẹsì sórí ebè kó nípọn tó ìka méjì, kó má kan ìdí igi. Lọ́sàn-án, ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ koríko yẹn, kí ẹ sì fi kan ilẹ̀ tí kò ní ìbòlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ kan méjèèjì kò ní bi mí léèrè ìdí rẹ̀.

Àwọn tó ń bá wa jẹ ẹ́

Adìyẹ àti ewúrẹ́ ni olórí. Nínú agboolé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí kò bá sọgbà yí oko rẹ̀ ká kò tíì gbin nǹkan kan. Àwọ̀n tó ga tó àyà ni kí ẹ fi yí i ká, kí ẹ sì fi òkúta tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí adìyẹ máa ń gba abẹ́ wọlé.

Ìrẹ̀ àti kòkòrò kan tó ń ká kò sínú ilẹ̀ máa ń gé ọrùn ọmọ irúgbìn lóru. Bí ẹ bá jí tí ẹ bá igi kan lórí ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, ẹ fi ìka tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kòkòrò náà kò tíì lọ jìnnà. Páálí tí a gé róbótó bí òrùka, tí a rì sí ilẹ̀ yí igi náà ká, máa ń dí i lọ́nà. Ìgbín kéékèèké, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì ṣa wọ́n lálẹ́. Àwọn wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tó ń kóra jọ sẹ́yìn ewé, tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ mu, ẹ fi omi fọ̀ wọ́n dànù láràárọ̀. Bí wọ́n bá tún padà, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ wọ́n ọn sí i nírọ̀lẹ́. Ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ká a, torí ìkorò rẹ̀ kì í tètè lọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi oògùn ẹ̀fọn àti aáyán inú ilé sí i lára. Mo ti rí ẹni tó ṣe é. Ohun tí a ó jẹ ní tútù ni.

Kíká

Bí ewé ìta bá ti gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, kíká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ní àkókò yẹn, ewé ti fi gbogbo òru mu omi; bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, ẹ ó gbọ́ ọ bó ṣe ń dún. Èyí tí a ká ní aago méjì ọ̀sán ti rọ kó tó dé ilé ìdáná, ìkorò rẹ̀ a sì máa hàn.

Ọ̀nà méjì ni mo ń gbà. Àkọ́kọ́, mo ń já ewé ìta, mẹ́ta sí mẹ́rin lára igi kọ̀ọ̀kan. Mo di ewé mú ní ìdí pátápátá, mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ àti sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á yọ láìya. Mo ń fi ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà sílẹ̀ láàrin, wọn ló ń bọ́ igi náà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń ṣe èyí, igi kan sì lè bá mi lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èkejì, bí àlejò bá ń bọ̀, mo fi ọ̀bẹ mímú gé gbogbo rẹ̀, mo fi ìnṣì kan sí méjì sílẹ̀ lókè ilẹ̀. Bí ẹ bá wo ojú ibi tí a gé yẹn, oje funfun á kọ́kọ́ sun, láìpẹ́ á gbẹ, á sì pọ́n bí ìpẹ́. Ẹ má bo ó, ẹ má da omi sí i lórí lọ́jọ́ náà. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ewé wẹ́wẹ́ á tún yí i ká. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ fọ̀ ọ́ ní omi mẹ́ta. Omi àkọ́kọ́ á gbé yanrìn. Ẹ bu iyọ̀ sí èkejì, ẹ rì í sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kòkòrò tó sá pamọ́ á léfòó. Ẹ̀kẹta ni omi tó mọ́ gaara, tí a lè mu. Ẹ gbọn ọ́n, ẹ fi aṣọ tó gbẹ wé e, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Á tó ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò tó pọ́n. Èéfín tí èso tó pọ́n ń mí jáde máa ń jẹ́ kí ewé rẹ̀ yọ àmì rúsúrúsú. Ibi tí kò bá sí iná, èyí tí a ó jẹ lónìí ni kí a ká lónìí.

Nígbà tó bá fẹ́ lọ

Ọjọ́ kan máa wà, bí oṣù kejì bá ti ń súnmọ́, tí ẹ ó rí i pé àárín igi náà ń ga sókè. Ewé rẹ̀ á máa tín-ín-rín, á máa jìnnà síra wọn, oje rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ooru ti sọ fún un pé kó yára bímọ. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ojoojúmọ́ ni ìkorò rẹ̀ ń lé. Ẹ gé èyí tí ẹ bá fẹ́ jẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi kì í da èyí tó ti korò nù. Mo máa ń bọ̀ ọ́, mo máa ń fún un, mo sì ń fi ẹ̀gúsí rò ó bí a ṣe ń ro yánrin. Nígbà tí mo gbé àwo kan lọ fún ìyá àgbà wa, ó jẹ ẹ́ tán kó tó bi mí pé ibo ni mo ti rí yánrin.

Ẹ fi igi kan tàbí méjì sílẹ̀ fún irúgbìn, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ èyí tó kọ́kọ́ ga. Èyí tó kẹ́yìn pátápátá láti yọ òdòdó ni kí ẹ so òwú mọ́, torí òun ló fara da ooru wa jù, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì jọ ọ́. Lẹ́túùsì máa ń gbà fún ara rẹ̀, kò sábà dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Lẹ́yìn òdòdó, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, orí rẹ̀ á yọ òwú funfun. Ẹ tẹ orí náà sínú àpò bébà, ẹ gbọn ọ́n. Gbogbo rẹ̀ kì í pọ́n lọ́jọ́ kan, nítorí náà ẹ máa padà síbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta.

Ẹ sá irúgbìn náà sí ìbòòji fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fẹ́ òwú rẹ̀ dànù, ẹ dà á sínú ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ le pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì gbígbẹ tí a fi aṣọ dì, kí ìrẹsì lè máa fa ọ̀rinrin. Ẹ kọ oṣù àti ọdún sí i lára. Ìsàlẹ̀ fíríìjì, tàbí ẹ̀gbẹ́ àmù, títí di ìparí oṣù kẹwàá.